Ìdá ọkàn tó kù nínú A Link to the Past: ibi tó yẹ kí o wò

Òǹkàwé kan kọ̀wé láti Kétu pé: «Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi la jọ ń gbá The Legend of Zelda: A Link to the Past, ẹ̀dà Faransé ti Super Nintendo. Kírísítálì méjèèje ti pé lọ́wọ́ wa, Ganon, ọ̀tá ìkẹyìn, nìkan ló kù. Ọkàn 18 ló wà lókè sikirínì, Quart de Cœur (ìdá ọkàn) mẹ́ta sì wà nílẹ̀. A ti gé gbogbo koríko, a ti ju bọ́ǹbù sára ògiri títí ó fi sú wa. Mélòó ló kù gan-an, ibo ló sì wà?»

Àbúrò, ó lè jẹ́ márùn-ún, ó sì lè jẹ́ ẹyọ kan péré. Àpótí kan ṣoṣo ló máa sọ èyí tó jẹ́ fún ọ, inú Ilé Ìsìn tí o mú Zelda, ọmọ ọba, sá lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ eré ló sì wà. Lọ wò ó kí o tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ìṣirò rẹ̀ rèé. Ọkàn 3 ni Link, akọni tí o ń darí, fi ń bẹ̀rẹ̀; ọkàn ni ìwọ̀n ẹ̀mí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, odidi ọkàn 11 wà tí kì í ṣe pé a ń kó o jọ ní ìdá-ìdá: ọ̀kan nínú àpótí Ilé Ìsìn yẹn, mẹ́ta lọ́dọ̀ ọ̀gá ààfin mẹ́ta àkọ́kọ́ ní Ayé Ìmọ́lẹ̀ (ọ̀kan nínú ayé méjì inú eré náà), méje lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá ààfin kírísítálì ní Ayé Òkùnkùn. Ó di 14. Ìdá ọkàn 24 ló wà nílẹ̀, mẹ́rin-mẹ́rin ló ń di odidi kan, ìyẹn 6. Ibẹ̀ ni 20 ti wá, èyí tí í ṣe òpin. Bí o bá ti ṣí àpótí Ilé Ìsìn, a jẹ́ pé ọkàn mẹ́rin nínú 18 rẹ ló ti ara ìdá wá: ìdá 16, pẹ̀lú 3 tó wà nílẹ̀, 19. Ó ku 5. Ṣùgbọ́n bí àpótí náà bá ṣì wà ní títì, ọkàn márùn-ún ló ti ara ìdá wá: 20, pẹ̀lú 3, 23. A jẹ́ pé ẹyọ ìdá kan ló kù, àti odidi ọkàn tó ń dúró dè ọ́ nínú àpótí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sáré gba ibẹ̀ kọjá nítorí pé àlùfáà ń bá wọn sọ̀rọ̀, Zelda náà ń sọ̀rọ̀, ojú wọn sì ti wà ní ọ̀nà àbáwọlé abúlé Cocorico.

Màá fi sọ́kàn pé márùn-ún ló kù, nítorí ẹni tí ẹyọ kan kù fún náà máa nílò ọ̀nà kan náà láti fi mọ èyí tó jẹ́.

Ẹ fi koríko sílẹ̀. Kò sí ìdá ọkàn kankan tó ń bọ́ jáde nínú koríko tí a gé tàbí lábẹ́ ìkòkò. Igbó kékeré kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ kàn: nínú Igbó Ìṣìnà, ní agbègbè àwọn olè, igbó kan bo ihò mọ́lẹ̀. Gé e, kí o já sínú ihò náà, ìdá wà nísàlẹ̀. Ṣọ́bìrì náà kò ní iṣẹ́ lórí ìdá ọkàn àfi níbi eré ilẹ̀-gbígbẹ́ tí màá dé láìpẹ́. Ní ti bọ́ǹbù, ẹ má fi ṣòfò mọ́. Fi ṣóńṣó idà gún ògiri: èyí tó ṣeé fọ́ ń dún bí ohun tó ṣófo nínú, ohùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ògiri gidi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún ní ojú ibi tó sán. Mẹ́ta tí wọ́n máa ń gbójú fò wà báyìí: nínú kànga Cocorico (bẹ́ sínú rẹ̀, fọ́ ògiri tó wà lókè), ní àjà ilẹ̀ ilé àwọn olè ní abúlé kan náà, níbi tí àwọn àpótí mẹ́rin tó hàn gbangba ti ń jẹ́ kí ènìyàn rò pé òun ti kó gbogbo rẹ̀, àti nínú ihò bàbá àgbà Aginah lẹ́bàá aṣálẹ̀, ní ògiri gúúsù. Àpótí ni ìdá wà nínú ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí náà àpótí tó ti ṣí ni ẹ̀rí pé o ti mú un. Èyí tó wà nílẹ̀ gbalaja, bí o bá ti mú un, kì í tún hàn mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le, tí mo sì fura pé méjì tàbí mẹ́ta nínú tìrẹ wà, ni dígí idán.

Ìdá méje nínú 24 kò ní ọ̀nà mìíràn tó mọ́gbọ́n wá ju dígí lọ. Ohun tó ń dá ènìyàn dúró ni pé a máa ń wá wọn ní Ayé Ìmọ́lẹ̀, níbi tí a ti ń fojú rí wọn lórí òkè tàbí láàárín omi, a sì ń wá àtẹ̀gùn tí kò sí. Ayé méjèèjì ni ìrísí kan náà, ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì dúró lórí èkejì. Dígí ń gbé ọ láti Ayé Òkùnkùn sí Ayé Ìmọ́lẹ̀ nìkan, sí ojú ibi tí o dúró sí gan-an, kò ní fi ẹsẹ̀ kan tayọ. Ó ń fi ìtànṣán kan sílẹ̀ níbi tí o já sí, ìyẹn sì ni ọ̀nà ìpadà rẹ. Bí ibi tí o fẹ́ já sí bá jẹ́ ara òkè tàbí igi, dígí á dá ọ padà. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́: ẹsẹ̀ rẹ kò bọ́ sójú ibi tó yẹ, sún díẹ̀ kí o tún un ṣe. Tẹ X kí o wo àwòrán ilẹ̀ ní ayé kan, fi ojú sàmì sí ibi tí o fẹ́, kọjá sí ayé kejì, kí o rìn lọ síbi tó bá a mu. Kò tún sí àṣírí mìíràn níbẹ̀.

Èkíní wà lórí àpáta olójú méjì ní Òkè Ikú, nísàlẹ̀ Ilé Ìṣọ́ Hera. Ojúbodè tó ń lọ sí Ayé Òkùnkùn wà nítòsí rẹ̀. Bí o bá gba ibẹ̀ kọjá, wàá rí ilẹ̀ kan tí wọ́n fi òkúta tò ní àwòrán àpáta náà. Dúró láàárín rẹ̀, lo dígí. Ẹni tó ti gba Ilé Ìṣọ́ Hera kọjá sábà máa ń ti mú èyí, torí ọ̀nà ibẹ̀ ni. Èyí tó ń ṣẹ́kù ni ìkejì rẹ̀, tó wà nínú ihò àpáta yẹn kan náà, tí kò sì nílò dígí rárá. Wọ inú rẹ̀ kí o yí i ká dáadáa.

Erékùṣù tó léfòó lójú ọ̀run ní apá ìlà-oòrùn Òkè Ikú: ní Ayé Òkùnkùn, nítòsí Àpáta Ìjàpá, gbé òkúta tó dí ẹnu ihò kan kúrò. Inú ihò yẹn ni ìkọ́ onísẹ́ẹ̀nì ti ń ṣiṣẹ́ láti dé ọ̀dọ̀ àwọn àpótí. Àwọn ènìyàn ń kó àpótí, wọ́n ń jáde. Ògiri kan wà níbẹ̀ tí bọ́ǹbù ń fọ́. Bí o bá gba ibẹ̀ jáde, orí erékùṣù ni wàá bọ́ sí, kí o wá lo dígí.

Ihò àwọn afarawé jẹ mọ́ Àpáta Ìjàpá fúnra rẹ̀. Ní àárín ààfin yẹn, ọ̀nà kan gbé ọ jáde sórí etí òkè níta kí o tó tún wọlé. Lórí etí òkè yẹn, lo dígí, wàá já sí ẹnu ihò ní Ayé Ìmọ́lẹ̀. Òòlù ṣe pàtàkì. Nínú rẹ̀, àwọn ọ̀tá kan wà tó ń fara wé ìrìn rẹ: bí o bá rìn, wọ́n á rìn, bí o bá dúró, wọ́n á dúró. Ọfà ni kí o ta wọ́n. 

Erékùṣù kékeré ní adágún Hylia: lúwẹ̀ẹ́ ní adágún Ayé Òkùnkùn dé ilẹ̀ tó bá a mu, gun orí rẹ̀, lo dígí. Etí òkè lókè itẹ́ òkú: gun òkè tó wà lẹ́yìn itẹ́ òkú ní Ayé Òkùnkùn, lo dígí, wọ ihò tí o bá rí, kí bọ́ǹbù sì wà lọ́wọ́ rẹ. Ihò tó wà ní gúúsù igbó tí ọmọkùnrin onífèrè máa ń jókòó sí náà bẹ́ẹ̀: láti Ayé Ìmọ́lẹ̀ o lè rí ẹnu rẹ̀, o kò lè dé ibẹ̀, dúró sójú ibẹ̀ gan-an ní Ayé Òkùnkùn. Ìkeje wà ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn aṣálẹ̀, lórí òkè kan tí òkúta dí ẹnu ihò rẹ̀. Inú àbàtà olójò tí ààfin kẹfà wà ni o ti máa lo dígí, kí o sì fi ìbọ̀wọ́ gbé òkúta náà. Nígbà tí o bá ṣì wà ní àbàtà yẹn, wọ ahéré tó wà ní ìwọ̀-oòrùn ààfin náà pẹ̀lú. Àpótí méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ní ìdá ọkàn, ìkejì ní owó táṣẹ́rẹ́. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ ń mú kí gbogbo ènìyàn sáré wọ ààfin, ahéré náà a sì di ìgbàgbé.

Ọ̀wọ́ kejì tí mo fura sí ni àwọn tó ti wà lójú ọ̀nà rẹ láti ìgbà tí o kò tíì ní irinṣẹ́ wọn. O kọjá, o kò lè ṣe nǹkan kan, o kò sì padà.

Igi àwọn agégi, ní ìlà-oòrùn Igbó Ìṣìnà, wà nínú wọn. Kò sí ohun tí o lè fi igi náà ṣe títí o fi ṣẹ́gun Agahnim, oṣó burúkú nì, nínú ilé ìṣọ́ ààfin ọba. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ bàtà asáré, di A mú, kí o sáré kọlu igi náà: ewé á gbọ̀n dànù, ihò á hàn. Bàtà yẹn kan náà ni fún òkítì òkúta tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Ilé Ìsìn. Àtẹ̀gùn wà lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn èèkàn 22 ní Ayé Òkùnkùn wà ní ìlà-oòrùn abúlé àwọn tí a lé, níbi tí ilé alágbẹ̀dẹ wà ní ayé kejì. Ìbọ̀wọ́ Titan ló máa gbé òkúta dúdú tó dí ọ̀nà ibẹ̀, òòlù ló máa rì èèkàn. Rì gbogbo rẹ̀ pátá kí o tó kúrò lójú sikirínì yẹn, àtẹ̀gùn á sì yọ. Èyí tó wà lábẹ́ igbó ló máa ń ṣẹ́kù, nítorí náà gé igbó kí o tó gbé òòlù.

Ihò tó ní ohun tó ń tì ènìyàn sẹ́yìn ni mo rò pé ó ṣòro jù lọ fún ẹni tí kò mọ̀. Ó wà ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Ayé Òkùnkùn, ní ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí ihò tó gba inú Òkè Ikú lọ wà ní Ayé Ìmọ́lẹ̀. Gbé òkúta ẹnu rẹ̀, fi ìkọ́ onísẹ́ẹ̀nì fò kọjá kòtò. Lẹ́yìn náà ni wàá bá ohun roboto kan tó ń ta ọ́ dànù bí o bá fara kàn án. Idà kò ràn án, òòlù kò ràn án. Ẹ̀wù àfẹ̀ẹ̀rí ni: wọ̀ ọ́, rìn kọjá lára rẹ̀, kí o bọ́ ọ kíá, torí pé ó ń jẹ agbára idán ní gbogbo ìṣẹ́jú tó bá wà lára rẹ. Bí ìgò idán rẹ kò bá kún kí o tó wọlé, ẹ̀wù náà á pa láàárín ọ̀nà, wàá sì tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń béèrè lọ́wọ́ mi nípa ihò yìí sábà jẹ́ àwọn tí kò ní ẹ̀wù náà rárá, torí ààfin kankan kò fi fún ni. Ó wà lábẹ́ sàréè ọba ní itẹ́ òkú Ayé Ìmọ́lẹ̀, èyí tí òkúta dúdú yí ká. Fi ìbọ̀wọ́ Titan gbé òkúta, fi bàtà asáré kọlu òkúta sàréè, kí o wọlé.

Ìsédò tó wà ní gúúsù ilẹ̀ náà mú ẹ̀tàn tirẹ̀ wá. O ti fa ọ̀pá apá ọ̀tún nínú rẹ̀, ó dá mi lójú, nítorí pé láìṣe bẹ́ẹ̀ ààfin kejì ti Ayé Òkùnkùn kò ṣeé gbà kọjá. Ṣùgbọ́n omi tó gbẹ níta fi ìdá ọkàn kan sílẹ̀ lórí ilẹ̀, láàárín àwọn ẹja tó ń ta pọ́nún. Ẹni tó ń sáré lọ sí ààfin kò ní wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Padà lọ wò.

Èyí tó kù lára àwọn tó wà lójú ọ̀nà kò pẹ́: ilẹ̀kùn ìwọ̀-oòrùn ààfin aṣálẹ̀ gbé ọ jáde sórí etí òkè tí ìdá wà, etí kan ní òdò àwọn Zora, ẹ̀dá inú omi, tí o máa lúwẹ̀ẹ́ dé lẹ́yìn tí o bá ti fi 500 rubis (owó inú eré) ra ẹsẹ̀ ìlúwẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ ọba wọn, àti etí apá ọ̀tún Pírámídì, tí o ń sọ̀kalẹ̀ dé láti òkè.

Mẹ́ta tó kẹ́yìn jẹ́ ti eré àṣedárayá. Eré ìje ní gúúsù Cocorico: ìṣẹ́jú àáyá 15 ni wọ́n fún ọ. Ilé àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń bára wọn jà ni o gbà dé ibẹ̀, bọ́ǹbù ló sì ń ṣí ògiri àárín. Rin ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kan láìbìkítà fún aago, kí o mọ ibi tí ó kọ́. Ìgbà kejì ni kí o sáré. Eré ilẹ̀-gbígbẹ́ ní Ayé Òkùnkùn ń gba 80 rubis fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Má ṣe gbẹ́ káàkiri: bẹ̀rẹ̀ láti igun kan, gbẹ́ ní ìlà tààrà, yí padà sí ìlà kejì. Ìdí ni pé ibi tí o ti gbẹ́ kò tún ní mú nǹkan wá, gbogbo ìgbésẹ̀ tí o bá sì gbé láìgbẹ́ jẹ́ àkókò tó ṣòfò. Eré àpótí ní abúlé àwọn tí a lé: 30 rubis, àpótí 16, o lè ṣí méjì. Oríire ni, kò sí ọgbọ́n kan lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó bá sọ pé òun mọ àpótí tó jẹ́ kàn ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín ni. Kó rubis bí 300 lọ, fi eré pamọ́ kí o tó wọlé. Bí owó bá tán tí o kò rí i, pa ẹ̀rọ náà láìfi pamọ́ kí o tún padà.

Ibi ìfipamọ́ yìí gan-an ni mo fẹ́ kí o ṣọ́ra sí, nítorí pé ẹ̀yin mélòó kan lẹ jọ ń gbá a. Bó bá jẹ́ orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà lẹ ti ń gbá a, ohun méjì ló wà tí a ń pè ní ìfipamọ́: èyí tí eré náà ń ṣe fúnra rẹ̀ bí o bá tẹ Select, àti àwòrán ojú ẹsẹ̀ tí ètò fóònù ń yà. Bí ọmọ kan bá ṣí àwòrán ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ìrántí eré náà á padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ yẹn, ìdá tí ẹ mú láàárín ọjọ́ mẹ́ta á sì pòórá. Ẹ yan ọ̀kan, ẹ má da méjèèjì pọ̀. Mo mọ̀ pé ní Kétu bí ní Àjàṣẹ́, iná lè lọ kí ènìyàn tó mí, nítorí náà ẹ máa tẹ Select lẹ́yìn ìdá kọ̀ọ̀kan. Bó bá sì jẹ́ kásẹ́ẹ̀tì ti àtijọ́ ni, bátìrì kékeré kan ló wà nínú rẹ̀ tó ń di ìrántí náà mú. Eré yìí jáde ní Japan ní 1991, ní Yúróòpù ní 1992. Bátìrì tó ti ìgbà yẹn wà lè kú nígbàkigbà. Bí ìrántí yín bá ń sọnù lẹ́yìn tí ẹ bá pa ẹ̀rọ, bátìrì ni. Ẹni tó ń jó wáyà lè pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n yíyọ rẹ̀ á pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, nítorí náà bí kò bá tíì kú, ẹ kọ́kọ́ parí eré.

O kò béèrè èyí, àmọ́ Ganon ló kù fún ọ, ọkàn 20 nìkan kò sì tó. Wo ohun méjì. Àkọ́kọ́ ni omi ìfẹ́ inú ihò tó wà ní àárín adágún Hylia ní Ayé Ìmọ́lẹ̀: ju rubis síbẹ̀, bí ó bá pé 100 kọ̀ọ̀kan, iwin omi á béèrè bóyá bọ́ǹbù tàbí ọfà ni o fẹ́ kó pọ̀ sí i. Bọ́ǹbù 10 ni o fi bẹ̀rẹ̀, ó lè dé 50. Ọfà 30, ó lè dé 70. Ọfà ni kí o yàn.

Ìkejì wúlò jùyẹn lọ. Nítòsí ilé alágbẹ̀dẹ ní Ayé Ìmọ́lẹ̀, èèkàn kan dí ọ̀nà ihò kan. Rì í, já sínú ihò náà, kí o bu ẹ̀tù idán sórí pẹpẹ tó wà níbẹ̀. Àdán kan á yọ, á máa halẹ̀ bíi pé ó fẹ́ fi ọ́ bú. Ìdajì ni ohun gbogbo á máa jẹ nínú agbára idán rẹ láti ìgbà náà lọ. Bí o kò bá ní ẹ̀tù, mú olú láti Igbó Ìṣìnà fún ìyá àjẹ́ tó wà ní ìlà-oòrùn, jáde, kí o padà wá lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Ní ìparí ìjà Ganon, iná àwọn àtùpà méjì á máa kú, òun náà kò sì ní hàn bí wọn kò bá tàn. Ọfà fàdákà tí a fi ń pa á kò sì lè bá ẹni tí kò hàn. Gbogbo ìgbà tí o bá tan wọ́n ni idán ń jẹ.